Èwo Lo Dojú Iná Kọ?

Ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni ìyá kan tó ń ṣe gaàrí gbé iṣẹ́ wá. Férémù tí wọ́n ń gbé jáàkì sí láti fi tẹ omi ẹ̀gẹ́ ni. Ọ̀gá mi kò sí nílé, èmi ni mo jó o. Ó dán, ó tò bí ìpẹ́ ẹja, mo tilẹ̀ pe àwọn ẹgbẹ́ mi wá wò ó. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá fi padà dé. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń fa jáàkì lọ́wọ́ ni irin òkè ṣí kúrò lára òpó, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó tẹrí sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Wọ́n gbé irin náà síwájú mi, wọ́n ní, "Èwo lo dojú iná kọ?"

Mo wò ó. Gbogbo ohun tí mo jó ló lẹ̀ mọ́ áńgù tó fẹ́lẹ́, ìyẹn irin òkè onígun náà. Lára òpó, tí í ṣe ṣánẹ́ẹ̀lì tó nípọn, ìpẹtà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ìdàrọ́ dúdú, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń jáde lára irin yíyọ́, sì há sí kọ̀rọ̀ ibi tí irin méjèèjì ti pàdé. Mo kàn da irin yíyọ́ lé e lórí bí ẹni da ẹ̀kọ sórí ewé ni. Ó tutù, ó sì ṣí.

Irin tó fẹ́lẹ́ a máa tètè yọ́, èyí tó nípọn a máa lọ́ra. Tí irin kan bá fìdí kọ́ èkejì bíi lẹ́tà T, tí wọ́n sì nípọn bákan náà, ẹ gbé ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ lẹ́nu iná, sí agbedeméjì wọn gẹ́lẹ́, ìyẹn dígíríì 45. Tí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, ẹ kọ ẹnu iná sí èyí tó nípọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sírin ju bí wáyà inú ẹlẹ́kítíróòdù ṣe nípọn lọ. Tó bá ti jìnnà, yóò máa ta pàrà káàkiri, kò ní wọnú kọ̀rọ̀. Hódà tí a fi ń di ẹlẹ́kítíróòdù mú ni kó máa ṣíwájú díẹ̀, kí ẹnu ẹlẹ́kítíróòdù máa tẹ̀ lé e, torí tí ìdàrọ́ bá fi lè sáré ṣíwájú iná, ẹ óò jó o mọ́ inú ni. Ohun tó ṣe mí nìyẹn.

Ẹ sì fi iná mú un díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀yìn àti níwájú kí ẹ tó jó o tán. Irin tó ń tutù a máa fà. Ẹ jó apá kan tán láìmú èkejì, ẹ óò rí i tó tẹ̀ síbi tí ẹ jó.

Èyí tí irin kan gun orí èkejì ló máa ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ jù. Etí irin òkè kò ní ibi tí ooru máa gbà lọ, kíá ló máa yọ́ dànù. Irin ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dojú iná kọ, kí ẹ jẹ́ kí omi irin fúnra rẹ̀ gòkè lọ bá etí yẹn.

Ti ojú-kojú, tí etí irin méjì kojú síra, kò le tó bẹ́ẹ̀ tí irin bá fẹ́lẹ́. Tó bá ti nípọn tó mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fáìlì etí méjèèjì kó dà bíi V, ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ mú un ní orí méjèèjì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe ń jó bọ̀ níhìn-ín ni ọ̀hún á máa pa dé bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ti kọ́nà, tí etí irin méjì pàdé ní igun, rọrùn: etí méjèèjì ti ṣe kòtò fún yín, ẹ ṣáà dín iná kù.

Nípa iná, géèjì 12 (géèjì ni nọ́ńbà ìnípọn) nínú ẹlẹ́kítíróòdù 6013 tí gbogbo wa ń lò máa ń fẹ́ bíi 70 sí 90 áńpù, géèjì 10 bíi 100 sí 130. Ṣùgbọ́n maṣíìnì tí wọ́n wé níbí kì í sábà ní nọ́ńbà lára, etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá ń dún bí òróró tó ń din dùńdú, ó ti pé. Tó bá ń lẹ̀ mọ́rin ṣáá, iná kéré, tàbí kí ìrì ti wọ ẹlẹ́kítíróòdù yín. Ẹ sá a.

Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, mi ò kì í yìn ín nítorí pé ojú ibi tó jó dán. Màá ní kó jó irin pélébé méjì bíi T, ní apá kan ṣoṣo, màá fi fáìsì há a, màá sì fi òòlù lù ú síhà ibi tó jó títí yóò fi ká tàbí ya. Ibi tó ya gan-an ni ká wò. Èyí tí ọmọ kan jó lánàá, ìlàjì rẹ̀ jẹ irin dáadáa, ìlàjì ṣí bí ẹ̀kọ lára ewé. Ó bínú títí tó fi jẹun ọ̀sán. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gé òmíràn."