Okun o: kẹ̀kẹ́ àfọwọ́wà ní Kàbà àti ní Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń kọ ebè, okun o. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, okun o. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, okun o. Àwọn ará ibòmíràn gbọ́ ọ lẹ́nu wa títí, wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ: Yàgbà ni ọ́ o, Ìjùmú ni ọ́ o, Bùnú tàbí Owé, Okun ni wọ́n ń pè ọ́. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo fi wa kẹ̀kẹ́ arọ nígboro Kàbà, kò sí àárọ̀ kan tí mi ò gbọ́ ọ tó ogún ìgbà kí n tó dé ìsọ̀ mi lọ́jà. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, mi ò mọ èyí tí wọ́n ń kí mi nínú méjèèjì, bóyá ẹ kú iṣẹ́ ni àbí ẹ pẹ̀lẹ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó ń kí mi rárá.

Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú mi, ní 1981. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló gbẹ. Mo rá títí mo fi wọ ilé ìwé, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sórí ọ̀pá abẹ́ abíyá. Ní 1998, bàbá mi ta kajú ọdún náà, wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ bá wẹ́dà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀dá Wẹ́dà. Bọ̀dá Wẹ́dà ò ṣe kẹ̀kẹ́ arọ rí. Èyí tí wọ́n rí ni ti ọkùnrin kan láti Òkè Ọya tó máa ń jókòó ní gáréèjì. Wọ́n lọ bá a, wọ́n fún un lówó kọ́fẹ́ẹ̀, wọ́n fi ìka díwọ̀n gbogbo ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì padà wá tú kẹ̀kẹ́ ológeere méjì tó ti gbó palẹ̀.

Táyà méjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Wọ́n gbé pẹ́dà sókè síwájú àyà mi, ṣéènì sọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí táyà iwájú. Pátákó tí wọ́n na fóòmù lé ni ìjókòó. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yẹn débi pé tí òjò bá ń rọ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n gbé e wọlé, kí wọ́n tó rántí aṣọ tí wọ́n sá. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ bú u.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà lára rẹ̀ tí kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bí pẹ́dà ṣe wà fún ẹsẹ̀ náà ni Bọ̀dá Wẹ́dà ṣe gbé e fún ọwọ́: bí ọ̀tún bá wà lókè, òsì á wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn, torí ẹsẹ̀ kọ́ ló ń darí kẹ̀kẹ́. Tèmi, ọwọ́ tó ń yí pẹ́dà náà ló ń darí táyà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá tì í, táyà á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí òsì bá tì í, á fì sí ìkejì. Bí ejò ni mo ṣe ń lọ. Ìdajì agbára mi ló ń bá mímú un tọ́ lọ. Igi tí mo ń tẹ̀ mọ́ táyà ni bíréèkì. Jíà ò sí. Tí mo bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá mi á kọ̀, kí n sì tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ẹlòmíràn á ti wà lẹ́yìn mi: ọmọ ilé ìwé, ìyá aláta, ọlọ́kadà tó na ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi tó fi máṣíìnì rẹ̀ tì mí gòkè. Wọn kì í béèrè. Wọ́n á tì mí dókè, wọ́n á ní okun o, wọ́n á bá tiwọn lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á tì mí kọjá ibi tí mò ń lọ, màá wá máa dá padà.

Mo bá ọkọ mi dé Lọ́ńdọ̀nù ní 2015. Ohun tí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń sọ, èmi náà sọ ọ́: bọ́ọ̀sì tó ń tẹ́ pátákó sílẹ̀ fún mi, ẹ̀bá títì tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí èèyàn ti máa sọdá. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn rí. Ẹni tó bá sì ń wá ìfiwéra iyán àti búrẹ́dì, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Ọdún méje ni mo fi wà lórí àga onítáyà níbẹ̀ láìronú kan kẹ̀kẹ́. Èjìká ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ti táyà àga lójoojúmọ́, èjìká rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀ lóru. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú iṣan wá ní kí n lọ wo ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Wheels for Wellbeing, tó ti ń fi àwọn akanda ẹ̀dá mọ kẹ̀kẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láti 2007. Pápá eré kẹ̀kẹ́ Herne Hill wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Láti 1891 ni pápá náà ti wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sáré kẹ̀kẹ́ nígbà Òlíḿpíìkì 1948. Mítà 450 ni àyíká rẹ̀. Etí rẹ̀ ni èmi ọmọ Kàbà jókòó sí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ní 2022, tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ ti kú kì í mú ara rẹ̀ gbóná.

Wọ́n to kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ. Èyí tí èèyàn méjì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wà, èyí tí wọ́n ń ti àga onítáyà lódindi gùn wà, èyí tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì bí ẹni tó wà nínú àga bàbá àgbà wà. Ọmọbìnrin òyìnbó tó gbà mí ò bi mí ní ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi. Bí apá mi ṣe gùn tó ló béèrè. Ó sún ìjókòó síwájú, ó sún un sẹ́yìn. Ó ní bí ọwọ́ bá dé ibi tó jìnnà jù, igunpá gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èjìká ló máa san gbèsè rẹ̀. Ó fi bẹ́líìtì di orúnkún mi méjèèjì pọ̀.

Mo na ọwọ́ mú pẹ́dà, mo rí i pé méjèèjì wà lókè. Mo yí i, méjèèjì wálẹ̀ pọ̀. Mo sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ yìí ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ọwọ́ méjèèjì jọ tì, kí wọ́n jọ fà, kí ọ̀kan má baà fa táyà lọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Mo tún yí i. Kẹ̀kẹ́ náà lọ gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Inú bí mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún!

Ní ìyípo kejì, mo dé kọ́nà tí wọ́n ti gbé ẹ̀gbẹ́ kan pápá náà sókè, jíà líle ni mo fi bá a pàdé, apá mi kọ̀. Mo dúró. Mo ń retí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kàbà, ẹ mọ ohun tí mò ń retí. Kò sẹ́ni tó wá. Ọmọbìnrin náà dúró ní bíi mítà mẹ́ta sí mi, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi dá a lóhùn. Mo wò ó, ó ń wò mí. Mo mi orí pé rárá, ó sì yà mí lẹ́nu pé orí mi ló ń mì bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dá jíà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dá a. Pẹ́dà fúyẹ́ lójijì bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí èèyàn, mò ń yí ọwọ́ kíákíá, kẹ̀kẹ́ ń lọ bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ìyókù ẹ̀kọ́ náà ò gùn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í fara mọ́ ẹni tó bá fi ìwàǹwára yà ní kọ́nà, àfi kí èèyàn dẹ eré kó tó débẹ̀. Mo ṣubú kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Àpá rẹ̀ wà ní igunpá mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ mo ra tèmi, àlòkù, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ iwájú àga onítáyà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni tuntun rẹ̀. Mi ò ní sọ iye tí mo ra tèmi, nítorí àwọn ará ilé tó ń ka èyí. Táyà iwájú ló ń fa irú kẹ̀kẹ́ yìí, ara èèyàn sì wà lẹ́yìn. Tí ọ̀nà bá gòkè tí ewé tútù wà nílẹ̀, táyà iwájú á kàn máa yí lójú kan. Àfi kéèyàn tẹ àyà síwájú kí ìwúwo rẹ̀ lè bọ́ sórí táyà. Ọjọ́ tí mo mọ èyí ni mo rántí òkúta wẹ́wẹ́ pupa tó wà lọ́nà ilé wa. Táyà mi ti yí lójú kan níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láìmọye ìgbà, mo rò pé èmi ni mi ò lágbára.

Lọ́ńdọ̀nù náà ní gọ́tà tirẹ̀ o. Irin méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré kan nítòsí wa, kí ọlọ́kadà má baà wọlé. Ìwé ìlànà tí ìjọba wọn gbé jáde ní 2020 fi kẹ̀kẹ́ tó gùn ní mítà 2.8, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.2, ṣe òṣùwọ̀n. Ó ní kí àlàfo àárín irú irin bẹ́ẹ̀ tó mítà 1.5. Mo fi tépù ìránṣọ mi wọn tiwa: sẹ̀ǹtímítà 71. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni í. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì ń dúpẹ́. Ọkùnrin kan tó mú ajá rẹ̀ jáde bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo irin, ó wo kẹ̀kẹ́ mi, ó ní "sorry", òun àti ajá rẹ̀ gba àárín irin kọjá. Ìdajì okun nìyẹn. Ká ní Kàbà ni, ọkùnrin mẹ́rin ì bá ti gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ kọjá sórí irin náà kí n tó ya ẹnu. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo sì yí orí kẹ̀kẹ́ padà.

Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Oṣù Kìíní 2019 ni wọ́n buwọ́ lù ú l'Ábùjá, ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún akanda ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún ti pé kí n tó délé ní Oṣù Kejìlá 2024. Báǹkì tí mo lọ, àtẹ̀gùn mẹ́fà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé mi gùn ún, ó ní okun o. Ọ̀nà kọnkéré tí Dangote ṣe láti Ọbájànà dé Kàbà, kìlómítà 43, ó tẹ́ bí àwo, ọwọ́ ń yún mi nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tírélà ń kọjá níbẹ̀ bí ìjì, mi ò sì rí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè yà sí.

Kẹ̀kẹ́ búlúù mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé, adìẹ ń yé sórí fóòmù rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Wẹ́dà. Wọ́n ti dàgbà, ojú wọn ò ríran mọ́ dáadáa, ọmọ wọn ló ń jórin. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ fún wọn: ọwọ́ méjèèjì lápapọ̀, irin eléyín kékeré níbi ọwọ́, ńlá lára táyà, kó lè máa gun òkè. Bàbá wo ilẹ̀ títí.

"O ò sọ fún mi nígbà yẹn."

"Bọ̀dá, èmi náà ò mọ̀ ni."

Ọmọ wọn gé apá pẹ́dà kan, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jó o padà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìjókòó, ó wa kẹ̀kẹ́ náà yí ṣọ́ọ̀bù po, ó ń ké háà. Mi ò sọ pé èmi ni mo mú ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ arọ wá sílẹ̀ wa. Ní Jọ́ọ̀sì, Ayuba Gufwan, tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú òun náà, ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ arọ fún àwọn èèyàn tipẹ́. Ó kàn jẹ́ pé Jọ́ọ̀sì jìnnà sí Kàbà. Bọ̀dá Wẹ́dà ní àwọn tó ń wá bá àwọn báyìí ò jọ mí mọ́. Ní Oṣù Kẹjọ 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tó mú mi. Jàǹbá ọ̀kadà ló kù tó ń rán èèyàn sí wọn.

Ní Oṣù Kẹta, ọmọ Bọ̀dá Wẹ́dà fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọkùnrin bí ọdún mẹ́rìnlá ló wà lórí kẹ̀kẹ́ tuntun, ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wá láti ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀. Àwọn méjì sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ìyá kan ní okun o. Ó dáhùn láìwẹ̀yìn, ó dókè, ó yí orí kẹ̀kẹ́ padà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ẹni tó ń yà á:

"Àǹtí, ẹ wò ó, ó gùn ún o! Ó kù bíréèkì, a ò tíì so ó. Ó ti ń sọ̀ bọ̀ báyìí."

Fídíò tán síbẹ̀. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní òkìtì yanrìn ẹni tó ń kọ́lé ló dá ọmọ náà dúró, kò fara pa, ó tún fẹ́ lọ. Ó wá bi mí irú wáyà tí wọ́n fi ń ṣe bíréèkì tèmi. Mo yọ tépù nínú àpò ìránṣọ mi, mo lọ wọ̀n ọ́n.