Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú dot méjì

Nǹkan tó ń dùn mọ́ mi nínú físíìsì báyìí ni quantum dot, ibi tíntìntín inú semiconductor (èròjà bíi silicon tí iná ń gbà kọjá díẹ̀) tí wọ́n ti máa ń fi fóltéèjì há ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́, kódà ẹyọ kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá wá gbé dot méjì síra wọn tí ògiri àárín ò nípọn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa gba inú ògiri yẹn kọjá láìní agbára tó lè fi fò ó o, ó tiẹ̀ lè wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tún ní spin, tó ń mú un dà bíi mágnẹ́ẹ̀tì kékeré tó kọjú síbì kan. Ṣùgbọ́n spin blockade, ìyẹn kí spin dí iná lọ́nà, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, èyí tí Ono, Tarucha àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jàpáánì gbé jáde ní 2002: tí spin àwọn méjèèjì bá kọjú síbì kan náà, òfin Pauli (pé irú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì bẹ́ẹ̀ ò lè jọ wà ní ipò kan náà) ò ní jẹ́ kí ìkejì wọlé bá èkíní, iná á kàn dúró gbagidi. Ìdúró yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mọ bí spin ṣe rí. Ní 2005, Petta àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harvard lo gallium arsenide, semiconductor kan, láti darí spin nínú dot méjì, àmọ́ spin inú núkílíọ́ọ̀sì (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù) ibẹ̀ ń da tẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rú láàárín nǹkan bíi nanosecond 10 (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ṣe kó lọ sídìí silicon, níbi tí irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ti kéré.