Bọ̀ọ̀dá Tó Bá Mi Gbá Ìdọ̀tí

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ gíráfíìsì nílé ìwé gbogboǹṣe, méjì fún ND, méjì fún HND, láìka ọdún IT tó wà láàárín, tó jẹ́ pé ìrẹsì ọ̀sán ni mò ń bá àwọn ọ̀gá rà níbi iṣẹ́. Títí di òní, bàbá mi ò tíì lè ṣàlàyé ohun tí mo kà fún àlejò. "Iṣẹ́ àwòrán ló kọ́," ni wọ́n máa ń sọ. Bí àlejò bá wá bi wọ́n pé irú àwòrán wo, wọ́n á wòkè, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí èyí tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn mọ́tò yẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tirẹ̀ gbà pé ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń yọ ọkùnrin kúrò nínú fọ́tò. Mo ti bá a yọ mẹ́ta. Kò san kọ́bọ̀.

Àǹtí mi nìkan ló gba iṣẹ́ náà gbọ́. Ìpékeré ni wọ́n ń dín ní Ìkòròdú. Ọwọ́ ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìyá àgbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé agbada kaná, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń rántí pé àwọn ò tíì kí wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìyá àgbà sùn, Àǹtí jogún agbada, wọ́n jogún ọ̀bẹ, wọ́n sì jogún oníbàárà. Ọ̀rá funfun lásán ni wọ́n ń kó ìpékeré sí. Wọ́n á ká ẹnu ọ̀rá mọ́ abẹ ayùn, wọ́n á gbé e kọjá lórí iná àbẹ́là, ó ti lẹ̀ nìyẹn. Kò sí orúkọ, kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá dé, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe: páálí tuntun fún ìpékeré Àǹtí. Inú olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dùn. Wọ́n ní ó ti sú àwọn láti máa rí "Royal" àti "Golden" lára gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé wá, pé kí n kọ ti èmi ní Yorùbá, kí àṣà hàn nínú rẹ̀ kedere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ "àṣà" yẹn sọ́kàn.

Orúkọ tí mo kọ gàdàgbà sójú páálí ni Ọ̀GẸ̀DẸ̀ ÌYÁ ÀGBÀ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo lọ sílé ìwé. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ronú kàn: "Bó bá ti kan ahọ́n, ó parí!"

Fọ́ǹtì tí mo rí fún un, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ó sanra, ó rí róbótó, lẹ́tà "o" rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọn ò tíì dà sínú epo. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. È àti ò wà níbẹ̀ dáadáa, torí pé àwọn ará Ítálì ń lò wọ́n. Bí mo bá wá tẹ ẹ, kọ̀ǹpútà á lọ yá lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti inú fọ́ǹtì mìíràn, á gbé e sáàárín àwọn tó sanra, á dà bí ẹni tí ebi ń pa tó jókòó sáàárín àwọn aláṣẹ ìlú. Mo padà wá gbọ́ pé àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, pé fọ́ǹtì tó bá ti gbọ́ èdè tiwọn máa ń ní méjèèjì, ó lè jẹ́ ṣ nìkan ló máa kù wá kù. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi nígbà yẹn?

Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo ṣí CorelDRAW, mo fi ọwọ́ ya òbìrí dúdú kékeré kan, mo dà á kọ, mo sì ń fi wọ́n sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iwájú páálí, ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibi tí wọ́n kọ èròjà sí. Dọ́ọ̀tì 57. Mo kà wọ́n. Mo rí i pé ìkọ̀ọ̀kan wọn dúró gbọn-in láàárín ìdí lẹ́tà tirẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo tó sùn.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọ̀ yẹ́lò. Láti ND1 ni wọ́n ti ń kì wá nílọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé àwọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà, yíǹkì mẹ́rin ló sì ń gbé e jáde lórí ìwé, cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú, pé ohun tó bá ń dán yinrin lójú kọ̀ǹpútà lè dórí ìwé kó di omi ẹ̀kọ. Orí yẹ́lò yẹn ni mo gba gbogbo àdúrà mi lé. Ọ̀tá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹni tó bá sọ pé òun kọ́ gíráfíìsì ní Èkó tí kò mọ Ṣómólú, ẹ yẹ sátífíkéètì rẹ̀ wò dáadáa. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Onípàánù, ẹ wọ inú lọ, kò dìgbà tí ẹ bá béèrè ọ̀nà. Imú yín á gbọ́ òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ, etí yín á gbọ́ kátakàta-kátakàta láti inú ilé tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹsẹ̀ yín á sì máa tẹ àgékù ìwé bí ìyẹ́ adìẹ lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́ ló ń gé e, ẹni tó ń gé e kọ́ ló ń fi ọ̀rá bò ó. Ẹ̀yin lẹ máa ru iṣẹ́ yín láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn.

Ọjọ́ tó kù ọ̀la kí n gbèjà iṣẹ́ mi ni mo lọ. Páálí 50 péré ni mo fẹ́, kò tó ohun tí èèyàn ń ṣe pléètì fún, DI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ iṣẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, lórí páálí 300 gram. Bọ̀ọ̀dá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ti fìlà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó ṣí fáìlì mi, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, yẹ́lò yẹn."

"Fọkàn balẹ̀."

"Kó má di ẹ̀bà o."

"Àbúrò, mo ní kó o fọkàn balẹ̀."

Èèyàn mẹ́rin ló wà níwájú mi, ebi sì ti ń pa mí láti àárọ̀. Mo sáré lọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀wà yẹn ló máa wọ́n jù nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ti jẹ rí. Nígbà tí n ó fi dé, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fi ìwé buráwùn dì í pẹ̀lú okùn. Ohun tí mo rí ni àgékù etí rẹ̀, ìyẹn mílímítà mẹ́ta tí a máa ń fi sílẹ̀ yíká kí ọ̀bẹ má baà jẹ inú iṣẹ́. Yẹ́lò ló kún ara rẹ̀. Yẹ́lò gidi! Bí mo bá lè jó, mi ò bá ti jó.

"Àmọ́ ìdọ̀tí kéékèèké pọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ o," ni bọ̀ọ̀dá wí. "Mo ti bá ẹ gbá gbogbo ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ dé ìdajì. "Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á bá yín gbá ti yín náà." Mo fún un ní ₦500 pé kó fi mu nǹkan tútù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Ìkòròdú, NEPA ti ṣe tiwọn. Iná fóònù la fi ń ṣe páálí. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun ni èèyàn máa ń dojú kọ bó bá ń ká a, gọ́ọ̀mù ló sì wà lójú mi. Àǹtí ò lè kàwé láìsí awò, awò sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fìrí, ohun tí èèyàn ti fi oṣù mẹ́ta wò, ojú kì í kà á mọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Olùkọ́ mẹ́ta ló jókòó, pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n pè láti ilé ìwé mìíràn, tí à ń pè ní external, tí a sì máa ń bẹ̀rù bí egúngún. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ àṣà? Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Mo gbé igbá ńlá sáàárín. Mo fi màrìwò ọ̀pẹ yí i ká. Mo to páálí 50 sẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ọjà ìgbàlódé ni.

Bàbá mú páálí kan. Wọ́n wò ó. Wọ́n wo màrìwò. Wọ́n rọra gbé páálí náà padà síbi tí wọ́n ti mú un, wọ́n sì fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́.

"Ta ni ìyá àgbà yìí?"

"Ìyá tó bí màmá mi ni, sà."

"Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti di olóògbé."

"Ta ló wá jogún ẹ̀?"

"Àǹtí mi ni, sà. Wọn ò fi han ẹlòmíràn. Ó ní ohun tí wọ́n máa ń fi sí i."

"Ó ní ohun tí wọ́n máa ń fi sí i," ni bàbá tún sọ, wọ́n sì wo àwọn olùkọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àwọn tó ti tọ́ ọ wò ńkọ́?"

Mo rò pé wọ́n ń bi mí ní ti ọjà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. "Sà, ẹni tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, kò lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Oníbàárà kan ti kó lọ sí Ìbàdàn, ó ṣì ń padà wá."

"Fúnra ẹ̀ ló ń padà wá?"

"Fúnra ẹ̀ ni, sà!"

Ẹnì kan sín lẹ́yìn mi, sísín tó fara jọ ẹ̀rín. Bàbá fi ìka kan yí páálí náà sí mi. "Ka ohun tó o kọ síbẹ̀ sí wa létí."

"Ọ̀gẹ̀..."

"Rárá. Bó o ṣe kọ ọ́ ni kó o ṣe kà á."

Mo wo páálí. Páálí náà wò mí. Gbogbo àmì ohùn wà níbẹ̀ lórí lẹ́tà, wọ́n pé pérépéré. Abẹ́ lẹ́tà mọ́ fóò, bí ilé tí ìyàwó tuntun gbá. ÒGÈDÈ ÌYÁ ÀGBÀ. Bó bá ti kan ahón, ó parí!

Kì í ṣe ti jíjẹ mọ́. Ti pípè ni.

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn tó ń gbẹ́ igi lẹ́yìn ilé sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ mi gan-an gbé orí lé tábìlì. Nígbà tí wọ́n máa gbé e sókè, wọ́n ní, "Láti 1875 tí àwọn àlùfáà CMS ti jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó tú u ká lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mo máa tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo fa báírò yọ. Báírò ò kọ lórí ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó, ó kàn ń yọ̀ kiri. Mo yá mákà. Mákà kọ, àmọ́ ó kọ̀, kò gbẹ. Bí àtàǹpàkò mi bá ti kàn án báyìí, dọ́ọ̀tì á yọ ìrù. Mo ti dé orí páálí kẹfà, ọwọ́ mi dúdú dé ọrùn ọwọ́, kí bàbá tó ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ti ń dà bí ẹni tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún."

Wọ́n ní kí èmi kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná. Mo jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń wò mí, bàbá ń wo aago. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá tí mi ò tíì yí padà, wọ́n mú ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n fa páálí náà mọ́ra. Páálí 11 ni wọ́n jẹ tán kí wọ́n tó pe akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn, bàbá sì gbé méjì lọ sílé, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn wé e. Wọ́n ní ajíhìnrere ni ìyàwó àwọn.

B ni mo gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí bàbá kọ sínú fọ́ọ̀mù ni pé yẹ́lò náà dára.

Mo pe bọ̀ọ̀dá Ṣómólú lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ yọ nínú iṣẹ́ mi?"

"Àwọn kíní dúdú wẹ́wẹ́ yẹn? 57 ni o! Mo kà á. Mi ò wulẹ̀ gbowó ẹ̀ torí mo rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tún un ṣe, mo so dọ́ọ̀tì mọ́ lẹ́tà títí tí ìjì ò fi lè gbé e kúrò, mo dúró ti ẹ̀rọ, mi ò jẹ ẹ̀wà. Mo kó páálí tuntun lọ fún Àǹtí, ọkàn mi balẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Àǹtí pè mí. Wọ́n ní páálí tuntun náà dára o, Ọlọ́run á túbọ̀ ṣí mi lọ́pọlọ. Àmọ́ o, èyí tó ṣẹ́ kù lára ti àkọ́kọ́ ti tán láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe JAMB ló kó o, wọ́n sì tún ti ń rán àwọn ẹgbẹ́ wọn wá pé èyí tó lágbára yẹn làwọn fẹ́.

"Ọmọ mi," ni Àǹtí wí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, "bọ̀ọ̀dá tó bá ẹ gbá ìdọ̀tí yẹn, ṣé ó ṣì wà ní Ṣómólú?"