Ọjọ́ abẹ́rẹ́ Bingo àti Músù

Ọjọ́rú. Òjò ti rọ̀ kí n tó jí, ilẹ̀ tutù, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi lè tún orí gbé sórí pílò, a ò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko mọ́ lónìí náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sún un síwájú. Káàdì Bingo, ajá mi, wà lára fíríìjì, ọjọ́ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ti fi ọ̀sẹ̀ 2 kọjá, kò sígbà tí mo fẹ́ mumi tí mi ò ní rí i.

Mo ti Músù, ológbò mi, sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo máa ń gbé lọ ọjà Òkè Ajé, mo fi ìborùn bò ó, mo so okùn mọ́ Bingo lọ́rùn. Márúwá 3 ló wò wá tí wọ́n sáré kọjá, ìkẹrin ló gbà, òun náà ní màá sanwó ajá bí ẹni sanwó èèyàn, mo san án. Músù ń ké láti Ìmọ̀wò títí a fi débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára dókítà yìí ni pé kì í kọ́kọ́ fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó gbé Bingo sórí ìwọ̀n, ó gbé ètè ẹ̀ sókè wo èrìgì ẹ̀ bóyá ó pọ́n dáadáa, ó wo eyín, ó gbóòórùn etí, ó rọra tẹ ikùn ẹ̀, ó ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ nídìí, ó ka 38.6, ó ní ara ajá máa ń gbóná ju tiwa lọ, kéèyàn má kàn fọwọ́ kàn án kó ní ibà ni. Ìgbà tó ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ló rí eégbọn 2. Láti ọjọ́ Ojúde Ọba tí ìbọn dẹ́rù bà á tó sá wọgbó ni mo ti ń bá eégbọn jà lára ẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n fi kẹrosíìnì pa á, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe é o," ó ní á bó o lára, á sì tún lá a. Eégbọn yẹn ló ń gbé àrùn tó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, èrìgì á funfun, ìtọ̀ á wá pọ́n bíi sóbò.

Ó kan Músù. Mo bi í pé tí ara ẹ̀ bá gbóná ńkọ́, ṣé mo lè fún un ní párásítámọ̀ díẹ̀, àfi bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ òkú! Ó ní ẹ̀dọ̀ ológbò ò lágbára láti palẹ̀ oògùn yẹn mọ́, hóró kan péré lè pa á. Ọlọ́run ló yọ mí, torí mo ti fẹ́ẹ́ ṣe é rí.

Ìgbà tó ṣí fíríìjì tó mú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi jáde ni Tanímọ̀la sọ sí mi lọ́kàn. Òun ni ọmọ ajá tí mo ní ṣáájú Bingo. Nígbà yẹn ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà kiri ló gún un ní abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dènà parvo, àrùn ìfun tó máa ń pa ọmọ ajá, inú báàgì ló ti yọ ọ́, nínú oòrùn, kò sí kúlà, kò sí yìnyín, èmi ò sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú oògùn yẹn láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló gún un, mo ní ó ti parí. Kò tíì pé oṣù 3 tí parvo fi mú un, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Ọjọ́ kẹta ló kú lórí aṣọ tí mo tẹ́ fún un. Dókítà yìí ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí ọmọ ajá mu nínú ọmú ìyá ẹ̀ máa ń dènà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra wọn títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ká ní mo mọ̀ ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn méjèèjì gbabẹ́rẹ́, wọ́n gba oògùn aràn, a tún máa gba ti aràn lẹ́yìn oṣù 3.

Bàbá Ṣadé wà lẹ́nu géètì nígbà tá a dé. Wọ́n ní ẹ̀kúkẹ̀ ò nílò gbogbo eléyìí, pé ajá bàbá àwọn jẹ ẹ̀bà títí ó fi darúgbó. Mo ní "Ẹ má bínú o Bàbá, dìgbòlugi ò mọ ẹ̀kúkẹ̀ yàtọ̀ sí ajá òyìnbó, ọmọọmọ yín ló sì ń fi ọwọ́ bọ ajá yín lẹ́nu lójoojúmọ́." Mo sọ fún wọn pé tí ajá bá gé èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gba ọsíbítù lọ lójú ẹsẹ̀, torí tí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé èló ni wọ́n ń gún un. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni àwọn á mú u lọ.

Màá kan ilẹ̀kùn wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, apẹ̀rẹ̀ mi ò lè gba ajá yẹn, ṣùgbọ́n okùn Bingo á tó o.