Ẹ Wá Orísun Òórùn Náà Kí Ẹ Tó Da Ọṣẹ Sí I

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi níbí, létí odò Hamble nítòsí Southampton, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ kí ìgbà ooru tó dé, tí àwọn ọlọ́kọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín pé ọkọ̀ àwọn ń rùn.

Ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni wọ́n rán mi sí ọkọ̀ ìgbòkun kan tó gùn tó mítà 10. Ẹni tó ni ín ní bí òun bá ti wẹ̀ tán, òórùn òbu ẹyin ló máa ń gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo ṣí pákó ilẹ̀, mo rí omi dúdú díẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní bilge. Mo da bleach sí i, mo fi pọ́ǹpù fà á dànù, mo fi omi ṣàn án, ibẹ̀ ń ta sánsán. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ó tún pè. Òórùn náà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Kò da nǹkan kan sí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn ihò kéékèèké tó wà lára àwọn ìdábùú ikùn ọkọ̀, èyí tí omi ń gbà lọ síbi tí pọ́ǹpù wà. Irun àti ọṣẹ ti dí méjì nínú wọn pa. Ẹ̀yìn wọn ni omi ìwẹ̀ kóra jọ sí. Ibi tí mo fọ̀ kọ́ ló ń rùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo sì ṣe gan-an nìyẹn.

Omi ìwẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Ọṣẹ, irun, òróró ara àti èérí wà nínú rẹ̀. Tó bá dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ ẹ́, wọn á sì máa tú gáàsì hydrogen sulphide, èyí tó ń rùn bí òbu ẹyin, jáde. Omi òkun tó bá dà pọ̀ mọ́ ọn á tún dá kún un, torí pé sulphate, irú iyọ̀ kan tí àwọn kòkòrò náà ń lò, pọ̀ nínú omi òkun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Gáàsì ìdáná inú ọkọ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló máa lọ jókòó sí, òórùn tí wọ́n sì fi sínú rẹ̀ lè jọ ti òbu ẹyin. Bí kò bá dá yín lójú ohun tó ń rùn, ẹ má tan súìṣì kankan, títí kan ti pọ́ǹpù. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀, kí ẹ jáde. Bátìrì tí wọ́n bá ṣáàjì láṣejù náà máa ń rùn báyìí. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fọ ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jẹ́ pé bátìrì ló gbóná tó ń rùn lábẹ́ ìjókòó.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n fi omi ṣáwà sílẹ̀ kó máa ṣàn tààrà sínú ikùn ọkọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Pọ́ǹpù ikùn ọkọ̀ wà fún ọjọ́ tí omi bá ya wọlé. Bí irun bá ti wé mọ́ ọn, tí ọṣẹ sì ti lẹ súìṣì tó ń léfòó lórí omi láti tan pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, kò ní dìde lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ fún ṣáwà ní àpótí tirẹ̀ tí omi ìwẹ̀ á máa ṣàn sí, kó ní asẹ́, pọ́ǹpù àti súìṣì tirẹ̀, kó sì máa tú omi sóde lókè ibi tí omi òkun mọ. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ìgbòkun máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ihò tó wà lókè omi létíkun lè wà lábẹ́ omi lójú agbami. Torí náà, ẹ gbé rọ́bà tí omi ń gbà jáde gba òkè, kí ẹ sì fi fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé sí téńté rẹ̀, kí omi má baà fà padà wọlé.

Níbi tí àyè ò bá gba àpótí, pọ́ǹpù diaphragm, èyí tó ń fi awẹ́ rọ́bà tó ń lọ tó ń bọ̀ fa omi, ni kí ẹ lò. Òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń fa omi tààrà látinú agbada ṣáwà, omi kankan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kù nílẹ̀ tó máa kan. Ẹ fi asẹ́ tí ojú lè rí inú rẹ̀ síwájú rẹ̀, torí ẹyọ irun kan péré lè há sí fáàfù rẹ̀ lẹ́nu.

Àpótí náà ńkọ́? Ẹ máa ṣí i lóṣooṣù. Ohun tí ẹ máa bá nínú rẹ̀ á láwọ̀ eérú, á máa yọ̀ bí ilá, irun á sì lọ́ mọ́ ọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kó o, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́. Bleach máa ń ba rọ́bà inú pọ́ǹpù jẹ́, tó bá sì pàdé ìtọ̀ tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gáàsì olóró ló máa yọ.

Bí ẹ ò bá mọ ibi tí omi ń gbà, ẹ po àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí kéèkì mọ́ omi, ẹ dà á sí ṣáwà, kí ẹ lọ máa wo abẹ́ pákó. Tó bá jẹ́ rọ́bà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ fura sí, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná nù ún, kí ẹ wá gbóòórùn aṣọ náà. Bí aṣọ bá rùn, òórùn ti ń gba ara rọ́bà jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ṣì ń tọ́jú ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín tí kì í dípẹtà wà nínú àwọn ihò rẹ̀ báyìí, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí mo bá débẹ̀ lóṣooṣù, màá fà á síwá sẹ́yìn, irun díẹ̀ á sì bá a jáde.