Búlọ́ọ̀kù, Odó àti Àrọ: Ọdún Kan Lẹ́nu Iṣẹ́ TD (Technical Drawing)

Kí ẹ tó sọ pé ọmọ kan kò lọ́wọ́ àwòrán, ẹ kọ́kọ́ di orí T-square rẹ̀ (rúlà gígùn tó rí bíi lẹ́tà T) mú kí ẹ mì ín wò. Bó bá ń mì, skúrù rẹ̀ ti tú nìyẹn. Kó yẹ̀ ní dígírì 1 péré, ìlà tó gùn tó 400 mm yóò ti fi nǹkan bíi 7 mm ṣìnà kó tó parí. Ọmọ yóò máa parẹ́, yóò máa tún un yà, bébà yóò sì fi bẹ́ẹ̀ ya. Fún èmi o, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní SS1, irinṣẹ́ ló ni ín.

Káfíńtà àdúgbò ló ń bá ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe pátákó ìyàwòrán níbí, ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò. Kò burú rárá, bí a bá ti fún un ní ìwọ̀n: plywood 12 mm, 650 mm ní gígùn, 470 mm ní fífẹ̀, kí bébà A2 tó jẹ́ 594 × 420 mm lè jókòó lé e dáadáa. Etí òsì nìkan ló gbọ́dọ̀ tọ́ gbọnrangandan, nítorí ibẹ̀ ni orí T-square yóò máa rọ̀ mọ́. (Ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, etí ọ̀tún ni tirẹ̀.) Èyí tó bá gbé T-square sí etí ìsàlẹ̀ kó lè fa ìlà òòró ti fi máàkì rẹ̀ sọ́wọ́ káfíńtà. Set square (rúlà onígun mẹ́ta) tó jókòó lórí T-square ni a fi ń fa ìlà òòró.

Set square náà gba ìdánwò. Ẹ fi fa ìlà òòró kan, ẹ yí i dà bí ìgbà tí a ń ṣí ojú ìwé, kí ẹ tún fa òmíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá ya ara wọn, àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe tó wà lára rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù kìíní, T-square onígi tí wọ́n gbé ti ògiri yóò tẹ̀. Ihò tó wà nídìí rẹ̀, ìṣó ni wọ́n lu ú fún. Ẹ gbé e kọ́.

Pẹ́ńsùlù 2H fún ìlà ìbẹ̀rẹ̀, HB fún ìlà tó dúró. Bíléèdì ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi yọ tó 6 sí 8 mm, kí wọ́n wá fi sáńpépà pọ́n ọn. Ẹni tó bá tẹ 2H mọ́lẹ̀ jù ti gbẹ́ kòtò sínú bébà. Ìrésà lè kó dúdú rẹ̀, kò lè dí kòtò.

Sáà kejì ló máa ń pa àwọn ọmọ lórí, nítorí first angle, ìyẹn ètò tí a fi ń to àwòrán iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́ nǹkan sórí bébà. Wọ́n há a sórí pé plan (ohun tí a rí láti òkè) wà nísàlẹ̀, pé ohun tí a rí láti apá òsì wà lápá ọ̀tún, wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ wọn. Búlọ́ọ̀kù 9 inch tí gbogbo wọn mọ̀ jẹ́ 450 × 225 × 225 mm. Ní 1:5 (ìdá kan nínú márùn-ún), ó di 90 × 45 × 45. Ẹ ní kí káfíńtà gé igi kékeré ní ìwọ̀n yẹn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ “iwájú”, “òkè”, “òsì” sí ojú mẹ́ta rẹ̀. Kí ọmọ gbé e sórí bébà, iwájú sókè, kí òkè rẹ̀ kọjú síwájú, kó wá yí i gbirigbiri wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀: “òkè” ló yọjú, ìsàlẹ̀ ló sì wà. Kó dá a padà, kó yí i sí ọ̀tún: “òsì” ló yọ. Tán. Wọn ò ní há a sórí mọ́.

Ìlà àfarasin, ìlà ohun tí ojú kò rí, tẹ̀ lé e. Ihò méjì ló gba àárín búlọ́ọ̀kù kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti iwájú, ìlà gígé mẹ́rin ni a óò yà fún wọn. Láti ẹ̀gbẹ́, méjì péré, nítorí ihò kan ti fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Ọmọ tó bá ya mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣe àdàkọ ni. Kí gígé kọ̀ọ̀kan tó 3 mm, àlàfo 1 mm.

Tó bá kan section (àwòrán nǹkan tí a là kí inú rẹ̀ lè hàn), ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀rọ kiri. Èkìtì la wà, ọmọ wo ni kò mọ odó? Ká sọ pé a la odó sí méjì láti òkè dé ìdí, pẹ̀lú ọmọ odó nínú rẹ̀. Ibi tí ayùn gbà lára igi odó ni a óò fi ìlà dígírì 45 kùn, 3 mm síra. Inú odó, òfìfo ni, a kì í kùn ún. Ọmọ odó ńkọ́? A ò ní fọwọ́ kàn án: òfin kan náà tó ní ká má kùn bóòtù àti ṣáàfù tí a là ní gígùn ló kàn án. Ibi yìí ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ jù.

Isometric (àwòrán tó fi ojú mẹ́ta nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan) kì í pẹ́ yé wọn: dígírì 30 lọ́tùn-ún lósì, ó parí. Òbìrí nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Lára àpótí onígun mẹ́rin tí a kọ́kọ́ yà yí òbìrí ká, igun tó fẹ̀, èyí tó jẹ́ 120, ni a gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sí fún ọrun ńlá méjèèjì, kì í ṣe igun tó mú.

Sáà kẹta, àrọ ìbu-kẹrosíìnì: a óò ya ara rẹ̀ ní títẹ́jú kí a tó ká a. Ẹnu rẹ̀ 120 mm, ẹnu ìsàlẹ̀ 20 mm, ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ 150 mm. Bí a bá fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe ṣónṣó, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà di 180. Ẹ fi 180 pín 60 (ìdajì ẹnu rẹ̀), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 360: igun 120. Ọrun ńlá, radius (láti àárín dé etí) 180. Kékeré, radius 30. Ẹ fi 6 mm kún etí kan fún ìpadé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ lo gíga òòró ṣónṣó, nǹkan bíi 170, dípò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹnu àrọ yóò sún kì láti 120 wá sí bíi 113. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páálí gé e, kí wọ́n ká a, kí wọ́n fi rúlà wọn ẹnu rẹ̀. Tíńkà tó wà lọ́jà kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ sí páànù.

Fún máàkì: ẹ ya ìdáhùn sórí tracing paper kan, kí ẹ máa gbé e lé iṣẹ́ àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ju 1 mm lọ, ẹ fi bírò pupa yí i ká. Ẹ má kọ iye tó yẹ kó jẹ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbé rúlà lọ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀.