Cloud computing ní yunifásítì: ibi tí lab ti ń dí, àti ibi tí owó ti ń jò

Kò sí kọ̀ǹpútà kankan lójú sánmà. Inú ilé ńláńlá lórí ilẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ tí à ń pè ní cloud wà, okùn abẹ́ òkun ló sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Computer Science tàbí Software Engineering, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ cloud. Ẹ̀rọ ẹlòmíì tó wà lọ́nà jíjìn lẹ fẹ́ yá lò. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà dé ibẹ̀, ìlẹ̀kùn tí ẹ ó gbà wọlé àti owó ìyálò rẹ̀ ni ìdá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí operating systems àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ Linux (operating system tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ cloud ń lò) lórí terminal, ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, tí kò lè lo `ls`, `cat`, `chmod` àti `systemctl` láìwo ìwé, lab àkọ́kọ́ ni yóò ti há. Subnetting, ìyẹn gígé nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí wẹ́wẹ́, náà kò ṣe é fò. Nínú 10.0.0.0/16, àdírẹ́ẹ̀sì 65,536 ló wà. Tí ẹ bá gé e sí /24, 256 ló máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n AWS, cloud ti Amazon, máa ń fi márùn-ún pamọ́ fún ara rẹ̀, 251 ló kù fún yín. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ 254 sínú ìdánwò, torí pé yíyọ méjì péré ni wọ́n kọ́ ní kíláàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ti àkáǹtì, Azure for Students, ti Microsoft, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Wọ́n ń fúnni ní dọ́là 100 fún oṣù 12, wọn kì í béèrè káàdì báńkì. Email ilé ìwé ni wọ́n fi ń mọ̀ yín, ẹ tètè lọ gba tiyín tí ilé ìwé bá ní i. Google Cloud ń fúnni ní dọ́là 300 fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi káàdì sílẹ̀. AWS ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí fídíò àtijọ́ ṣì ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni server (ẹ̀rọ tí ẹ yá) kékeré fún oṣù 12, wákàtí 750 lóṣù. Àkáǹtì tí a bá ṣí láti ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025 kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dọ́là 100 ni wọ́n ń fún yín lọ́wọ́ kan, ẹ sì lè rí 100 mìíràn tí ẹ bá ṣe àwọn iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ náà máa ń parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tàbí nígbà tí credit (owó tí wọ́n fún yín) bá tán, èyí tó bá yá.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nínú àkáǹtì náà, ẹ fi MFA (ẹ̀rí kejì yàtọ̀ sí password) sórí root, ìyẹn olórí àkáǹtì náà, kí ẹ sì dá user mìíràn tí ẹ ó máa fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yan region kan (àgbègbè tí ilé ẹ̀rọ wọn wà), kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń pariwo pé server òun ti sọnù, kò sọnù rárá. Virginia ló ti dá a, Ireland ló ń wò. Èyí tó gbàgbé sí Virginia yẹn ṣì ń jẹ owó.

Wàyí o, SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ server láti ọ̀nà jíjìn. Ibí ni ọ̀sán ti máa ń ṣú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Àṣẹ rẹ̀ kúrú (kokoro.pem ni fáìlì kọ́kọ́rọ́ yín, nọ́ńbà ìkẹyìn ni àdírẹ́ẹ̀sì server):

`chmod 400 kokoro.pem`
`ssh -i kokoro.pem ubuntu@203.0.113.10`

Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ padà ni kí ẹ kà dáadáa, nítorí èsì mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ń tọ́ka sí.

Tó bá kọ "Connection timed out", maigádì kò tilẹ̀ dá yín lóhùn. Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ server rárá. Ẹ wo security group (òfin ẹni tó lè wọlé) bóyá port 22 (ẹnu ọ̀nà SSH) ṣí fún àdírẹ́ẹ̀sì yín, ẹ wo route table (àtẹ ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bóyá ó dé internet gateway (ẹnu ọ̀nà sí íńtánẹ́ẹ̀tì), ẹ wò ó bóyá server náà ní public IP (àdírẹ́ẹ̀sì tí ará ìta lè rí). Fún ẹni tó ń lo dátà fóònù, ohun kan wà tí ìwé kì í sọ. Tí ẹ bá yan "My IP" nínú security group, àdírẹ́ẹ̀sì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún yín láàárọ̀ lè ti yí padà lọ́sàn-án. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ tún "My IP" náà yàn, ó parí. Ẹ má torí ìyẹn ṣí port 22 sílẹ̀ fún 0.0.0.0/0, ìyẹn gbogbo ayé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀tì (ètò tó ń wá ibi tó ṣí kiri) yóò ti máa kanlẹ̀kùn.

"Connection refused" yàtọ̀. Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nínú. Ó lè jẹ́ pé server ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tó bá jẹ́ ìkànnì tí ẹ kọ fúnra yín ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó ń gbọ́ lórí rẹ̀. Flask (irinṣẹ́ Python fún ìkànnì), bí àpẹẹrẹ, máa ń jókòó sórí 127.0.0.1, tí í ṣe ara ẹ̀rọ náà nìkan. Ẹ fi `--host=0.0.0.0` kún un kí ará ìta lè rí i, kí ẹ sì ṣí port 5000 nínú security group.

Ẹ̀kẹta ni "Permission denied". Onílé wà nílé, ó yẹ kọ́kọ́rọ́ yín wò, ó ní kì í ṣe èyí. Bóyá kọ́kọ́rọ́ server mìíràn lẹ mú, àmọ́ orúkọ ló sábà máa ń fà á. `ubuntu` lorúkọ lórí Ubuntu, `ec2-user` lórí Amazon Linux, `admin` lórí Debian. Tó bá sì ní fáìlì kọ́kọ́rọ́ yín ṣí sílẹ̀ jù, `chmod 400` ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo WSL (Linux inú Windows), àṣẹ yẹn kò ní mú tí fáìlì náà bá wà lábẹ́ `/mnt/c`, ìyẹn dísìkì C ti Windows. Ẹ dà á kọ sínú ilé yín, `~`, kí ẹ tó ṣe `chmod`.

Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ ṣí tmux kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan: `tmux new -s ise`. Bí NEPA bá mú iná lọ tí router sì kú, iṣẹ́ tó ń lọ lórí server kò ní dúró. Tí iná bá dé, `tmux attach -t ise` yóò gbé yín padà síbi tí ẹ wà. Orí server yẹn náà ni kí ẹ ti máa kọ́ Docker image yín (àpótí tó di app pọ̀ mọ́ ohun tó nílò), kí dátà fóònù má bàa tán. Image `python:3.12` tó nǹkan bí 1GB lórí dísìkì. `python:3.12-slim` kò tó 200MB, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń dùn mí jù, nítorí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, gbogbo public IPv4 lórí AWS ń jẹ dọ́là 0.005 ní wákàtí kan, ìyẹn 3.60 ní ọjọ́ 30. Tí ẹ bá dá server dúró láìpa á rẹ́, dísìkì rẹ̀ ṣì ń jẹ owó. 30GB gp3 (irú dísìkì kan) ní Virginia jẹ́ dọ́là 2.40 lóṣù. Èyí tó burú jù ni NAT gateway (ọ̀nà tí server tí kò ní public IP ń gbà jáde), tí àwọn tutorial VPC (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni lórí AWS) máa ń ní kí ẹ dá láìṣàlàyé. Dọ́là 0.045 ni wákàtí kan, ó lé ní 32 ní ọjọ́ 30, kí dátà kankan tó gbabẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá pa NAT gateway náà rẹ́, Elastic IP (àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà) tó ń lò kì í bá a lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín dá a padà.

Ẹ ṣètò budget alert dọ́là 5 lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé email lásán ló máa fi ránṣẹ́. Kò ní pa nǹkan kan fún yín, email náà sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ kọ gbogbo lab yín sínú Terraform, irinṣẹ́ tó ń ka fáìlì láti dá ohun gbogbo, tó sì ń pa á rẹ́. `terraform apply` láàárọ̀, `terraform destroy` lálẹ́. Ẹ má pa fáìlì `terraform.tfstate` rẹ́ o, inú rẹ̀ ló ń wò kó tó mọ ohun tó dá. Ẹ má sì gbé e lọ sí GitHub, nítorí àṣírí wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni access key, kọ́kọ́rọ́ tí ètò fi ń wọ àkáǹtì yín. Tó bá ṣèèṣì dé orí GitHub, ẹ kọ́kọ́ fagi lé key náà nínú IAM (ibi tí a ti ń ṣètò ẹ̀tọ́ ìwọlé) kí ẹ tó ronú nípa fáìlì. Pípa fáìlì rẹ́ nínú commit tuntun kò ràn án, nítorí git ṣì ní èyí àtijọ́ lọ́wọ́.

Fún project ọdún ìkẹyìn, ẹ mú ohun tí ẹ lè wọ̀n, bíi àkókò tí dátà fi ń lọ tó sì ń bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fibre. Láti Èkó dé Cape Town, níbi tí AWS ti ní region láti ọdún 2020, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,800 kìlómítà ní tààrà. Àlọ àti àbọ̀ kò lè dín sí nǹkan bí 48 milliseconds. Ẹ wọn èyí tí ẹ rí gan-an ní àárọ̀, ọ̀sán àti òru fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ ṣàlàyé ibi tí ìyókù lọ. Ẹ ya fídíò ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ pamọ́ kí credit tó tán, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì Terraform náà. Tí wọ́n bá sún ọjọ́ defence síwájú, ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà.